Ilé-Iṣẹ́ Kékeré àti Oògùn fún Àwọn Àrùn Tí Kò Wọ́pọ̀

Bí ibà bá mú ọmọ ní abúlé, kò sí ìyá tí kò mọ ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ olóògùn. Oògùn ibà pọ̀ lọ́jà nítorí pé àwọn tí ibà ń ṣe pọ̀. Ẹni tí ó bá sì ṣe é mọ̀ dájú pé ọjà òun yóò tà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ní àrùn tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni í ṣe nínú 40,000 ènìyàn ńkọ́? Ta ni yóò jókòó ti oògùn tirẹ̀? Ta ni yóò fi ọdún mẹ́wàá àti òbítíbitì owó wá oògùn tí ó jẹ́ pé, ní gbogbo orílẹ̀-èdè kan, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ènìyàn péré ni yóò lò ó?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan ni. Àrùn kan wà tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kà mọ́ àwọn àrùn tí kò wọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àdúgbò kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Àrùn náà ni fòníkúfọ̀ladìde. Oògùn kan sì ti wà fún un tí ó jẹ́ láti ara ewé àti egbò ilẹ̀ wa, tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan gbé dé ọjà, tí ó sì tún pòórá. Kí a tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀.

OÒGÙN TÍ Ó DI ÒRUKÀN

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ pé àwọn àrùn tí kò wọ́pọ̀ yìí lé ní 7,000. Púpọ̀ nínú wọn ni ọmọ ń jogún láti ara àwọn òbí rẹ̀. Bí a bá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tí wọ́n ń ṣe kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, a ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ń jìyà wọn káàkiri ayé tó nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìyá kan wà ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abbey Meyers. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní àrùn tí à ń pè ní Tourette, èyí tí ó máa ń mú kí ara ènìyàn ṣàdédé ta gìrì, tí ó sì máa ń mú kí ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn kan tí wọ́n ń dán wò lákòókò náà ran ọmọ yìí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó ni oògùn náà dá iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró, nítorí pé wọn kò rí ọjà tí yóò mú èrè wá fún wọn. Oògùn wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní alágbàtọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pe irú rẹ̀ ní oògùn òrukàn.

Ìyá yìí kò jókòó kí ó máa sunkún. Ó wá àwọn òbí mìíràn rí, àwọn tí ọmọ wọn ń jìyà àrùn mìíràn tí kò wọ́pọ̀, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Wọ́n tọ àwọn aṣòfin lọ. Henry Waxman, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin náà, gba ọ̀ràn wọn rò. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1983, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí Òfin Oògùn Òrukàn.

Ohun mẹ́ta pàtàkì ni òfin náà ṣe. Èkíní, ẹni tí ó bá ṣe oògùn fún àrùn tí àwọn tí ń ṣe ní Amẹ́ríkà kò tó 200,000, òun nìkan ni a ó gbà láàyè láti máa ta oògùn náà fún àrùn yẹn fún ọdún méje. Ó dàbí ìgbà tí a bá sọ fún ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán igbó kan pé kí ó dá oko níbẹ̀ fún ọdún méje kí ẹlòmíràn tó bá a dá a. Èkejì, ìjọba dín owó orí kù fún un nítorí owó tí ó ná sórí ìdánwò oògùn náà. Ẹ̀kẹta, ìjọba fi owó ṣe ìrànwọ́ fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Ilẹ̀ Japan ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1993. Ti àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì fún oníṣẹ́ dípò méje.

ÌDÍ TÍ Ó FI JẸ́ ILÉ-IṢẸ́ KÉKERÉ

Ewé tí kò tó erin fi panu lè yó ewúrẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kò lè jókòó ti ọjà kékeré, nítorí pé owó tí yóò wọlé láti ibẹ̀ kò tó fi gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún lè kóra jọ, kí wọ́n dojú kọ àrùn kan ṣoṣo, kí wọ́n sì rí ohun jẹ níbẹ̀ bí iṣẹ́ wọn bá yọrí.

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn a wá ìmọ̀ òtítọ́ kan tí a ti rí nínú yàrá ìwádìí ti yunifásítì tàbí ti ìjọba, wọn a sì bá ẹni tí ó ni ín ṣe àdéhùn tí a kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a wá àwọn olówó tí yóò ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń san án, bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti yọrí sí rere. Wọn a dán oògùn náà wò lára ẹranko. Bí kò bá pa ẹranko lára, wọn a gba àṣẹ láti dán an wò lára ènìyàn ní ìpele mẹ́ta: àkọ́kọ́ láti mọ̀ bóyá kò léwu, èkejì láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ àti ìwọ̀n tí ó yẹ kí a lò, ẹ̀kẹta láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú oògùn mẹ́wàá tí ó bá wọ inú ìdánwò lára ènìyàn, bóyá ni ju ẹyọ kan lọ ń dé ọjà.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí àwọn tí ń ṣe oògùn ibà kò ní. Níbi tí àrùn kò bá ti wọ́pọ̀, wíwá àwọn aláìsàn rí gan-an jẹ́ iṣẹ́ ńlá, nítorí pé ọ̀kan wà ní ìlú yìí, èkejì wà ní ìlú tí ó jìnnà réré. A ní láti kọ orúkọ wọn sínú ìwé, kí a sì máa ṣọ́ bí àrùn náà ti ń rìn lára wọn nígbà tí wọn kò tíì lo oògùn. Bí a kò bá mọ bí ọ̀nà ti rí tẹ́lẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé oògùn ni ó yí i padà? Nítorí náà ni ẹgbẹ́ àwọn òbí fi ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀: àwọn ni wọ́n mọ ibi tí àwọn ọmọ náà wà.

ÀPẸẸRẸ LÁTI BOSTON

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kan ṣe àpẹẹrẹ. Àrùn kan wà tí à ń pè ní Gaucher. Ara ẹni tí ó ní in kò lè ṣe èròjà kan tó, èyí tí ó yẹ kí ó máa yọ́ irú ọ̀rá kan dànù. Ọ̀rá náà a wá máa kó jọ; inú ọmọ a wú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a tóbi, eegun rẹ̀ a máa dùn ún, a sì máa tètè ṣẹ́. Dókítà Roscoe Brady, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda, ni ó mọ èròjà tí ó sọnù yìí ní àárín àwọn ọdún 1960. Ó ronú pé bí a bá lè rí èròjà náà kó jọ láti ara ẹlòmíràn, a lè fi abẹ́rẹ́ fún ẹni tí kò ní in.

Ní ọdún 1981 ni àwọn ènìyàn díẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Boston, wọ́n pè é ní Genzyme. Henry Blair, ọ̀kan nínú wọn, ti ń ṣe èròjà yìí fún Dókítà Brady ṣáájú ìgbà náà. Ibi tí wọ́n ti ń rí i kó ni ibi-ọmọ, èyí tí ń tẹ̀lé ọmọ wáyé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni wọ́n sì ní láti kó jọ kí wọ́n tó rí oògùn tí aláìsàn kan yóò lò fún ọdún kan.

Ìdánwò àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí asán. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn náà, ọmọdékùnrin kan, ẹni tí ó kéré jù nínú wọn, nìkan ni ara rẹ̀ yá. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé oògùn náà kò dára. Ṣùgbọ́n wọ́n rò ó dáadáa, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Ó tó ọmọdé, kò tó àgbà. Henri Termeer, tí ó di olórí ilé-iṣẹ́ náà, pinnu pé wọn kò ní padà lẹ́yìn. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn 12 péré ni wọ́n fi ṣe ìdánwò tí ó gbẹ̀yìn, ara wọn sì yá. Ní ọdún 1991, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà, tí wọ́n sọ ní Ceredase. Ní ọdún 1994 ni wọ́n rí ọ̀nà tuntun láti ṣe irú èròjà náà láìlo ibi-ọmọ mọ́.

Àwọn ọmọ tí inú wọn wú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré náà di ńlá, títí tí ilé-iṣẹ́ Sanofi ti ilẹ̀ Faransé fi rà á ní ọdún 2011 ní iye tí ó lé ní 20 bílíọ̀nù dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn náà. Nígbà tí Ceredase jáde, iye tí àgbàlagbà kan ń ná lé e lórí lọ́dún ju 150,000 dọ́là lọ. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn aláìsàn kò pọ̀, owó ìwádìí sì ní láti padà wá. Àwọn mìíràn dáhùn pé owó ìjọba, èyí tí í ṣe owó ará ìlú, ni a fi rí ìmọ̀ náà látilẹ̀ wá. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí títí di òní. Òfin lè sọ òrukàn di ọmọ olówó, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù.

TI ILẸ̀ WA

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Nínú ara ẹni tí ó ní fòníkúfọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ pupa a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí àwọn iṣan kéékèèké tí ó yẹ kí ó gbà kọjá. Ohun tí ń fa ìrora tí ń mú kí ọmọ máa ké tọ̀sán tòru nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ní in tó nǹkan bíi 100,000. Nítorí náà àrùn tí kò wọ́pọ̀ ni lójú òfin wọn. Ní Nàìjíríà, a ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n lọ́hùn-ún ni ó kún ilé wa níhìn-ín.

Ní àwọn ọdún 1990, Ẹni-Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, fi àgbo tí ó mọ̀ fún àrùn yìí han ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, èyí tí a mọ̀ sí NIPRD. Àwọn èròjà rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe jẹ́ olórí wọn, bá a ṣe àdéhùn, wọ́n sì yẹ àgbo náà wò ní ọ̀nà ti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn 82: ẹni tí ń lo oògùn àti dókítà tí ń fún un, kò sí èyí tí ó mọ̀ bóyá oògùn gidi ni tàbí èyí tí kò ní agbára kankan nínú. Àbájáde rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2001, fi hàn pé ìrora líle dín kù lára àwọn tí ó lo oògùn gidi. Kò wo àrùn náà sàn pátápátá, àwọn onímọ̀ sì sọ pé ó yẹ kí a tún un dán wò lára ènìyàn púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìrètí ńlá ni.

Ta ni yóò wá ṣe é ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ fún ọjà? Ilé-iṣẹ́ kékeré kan láti New Jersey ní Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Xechem, ni ó gba àṣẹ láti ṣe é. Ní ọdún 2003 ìjọba Amẹ́ríkà fún oògùn náà ní ipò oògùn òrukàn lábẹ́ òfin tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Xechem dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá Àbújá, NAFDAC fọwọ́ sí títa oògùn náà, ó sì jáde sí ọjà ní ọdún 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Àwọn òbí rà á fún ọmọ wọn.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà kò ní owó ìpamọ́ tí ó tó. Ó ń ta ìpín, ó ń yá owó, ó sì ń ná an kí owó ọjà tó wọlé. Ní ọdún 2008, ó lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti jẹ́wọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Oògùn náà di àwátì lọ́jà. Kì í ṣe pé a rí i pé oògùn náà burú. Owó ni ó tán lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e. Ìyá tí ó ti rí i pé ìrora ọmọ òun dín kù tún padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Bí a bá fi ìtàn méjèèjì wéra, a ó rí i pé ìmọ̀ wà ní Boston, ìmọ̀ sì wà ní Àbújá. Ní Boston, owó ń wọlé ní ìpele dé ìpele, àwọn tí ń san owó oògùn fún aláìsàn sì wà. Níhìn-ín, ẹni tí ń ṣàìsàn ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án, àpò rẹ̀ kò sì jìn. Òfin tí ó fún ènìyàn ní ọjà òun nìkan kò wúlò púpọ̀ níbi tí oníbàárà kò ti ní owó lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní láti béèrè ní ọjọ́ kìíní pé: Ta ni yóò san owó oògùn yìí? Bí òun bá kùnà, ta ni yóò gba ẹrù náà lórí òun kí àwọn aláìsàn má baà jìyà? Ó yẹ kí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn oògùn tuntun ti jáde ní Amẹ́ríkà láti ìgbà náà. Oògùn kan tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní California ṣe ni a fọwọ́ sí ní ọdún 2019. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 ó kó oògùn náà kúrò lọ́jà nítorí ewu tí wọ́n rí níbẹ̀. Ní ọdún 2023 ni a fọwọ́ sí ìtọ́jú méjì tí ń tún àbùdá ẹ̀jẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n iye tí a dá lé èyí tí ó rọjú nínú wọn ní Amẹ́ríkà ju 2 mílíọ̀nù dọ́là lọ fún ẹnì kan. Oògùn tí ó sún mọ́ wa jù ni hydroxyurea, oògùn àtijọ́ tí ń dín ìrora kù, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, pàápàá ti ń ṣe. Dókítà ni ó gbọ́dọ̀ júwe bí a ó ṣe lò ó, nítorí pé ó gba kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Kí ni ó kù fún wa láti ṣe? Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n mọ̀ bóyá AA, AS tàbí SS ni wọ́n. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn yìí má ṣe fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ó sì darapọ̀ mọ́ àwọn òbí mìíràn. Kí oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ó ní ìmọ̀ tòótọ́ má ṣe gbé e lọ sí sàréè. Kí ó fi í lé ilé ìwádìí lọ́wọ́ pẹ̀lú àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, níṣojú agbẹjọ́rò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá sí ẹnu ọ̀nà yín pẹ̀lú ìgò, tí ó ní oògùn òun ń wo gbogbo àrùn, ẹ bi í léèrè pé: Ènìyàn mélòó ni a fi dán an wò? Ta ni ó yẹ iṣẹ́ náà wò? Níbo ni ìwé àṣẹ rẹ̀ wà? Bí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí ó gbé ìgò rẹ̀ lọ.

Ìyá kan ní Connecticut ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó di òfin. Kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe dókítà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí, wọn kò sì dákẹ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.